Mò ń sáré lójoojúmọ́, síbẹ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù mi ga: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń sáré ọ̀nà jíjìn. Mi ò sanra, mi ò sì mu sìgá. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni mo gé ṣúgà àti oúnjẹ oníṣítáàṣì kù jọjọ, tí mo fi bọ́tà, ẹyin àti wàràkàṣì rọ́pò wọn, kí ara mi lè máa fi ọ̀rá ṣagbára.

Eré náà ń lọ dáadáa. Àmọ́ nígbà tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé, àyà mi já. LDL mi, ìyẹn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó lè dí òpó ẹ̀jẹ̀, ti gòkè láti 118 sí 204 mg/dL. HDL (kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní rere) jẹ́ 82, triglyceride (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀) sì jẹ́ 61, àwọn yẹn dára. Ṣúgà àárọ̀ kí n tó jẹun ló tún rú mi lójú: 104, bẹ́ẹ̀ láti 100 ni wọ́n ti ń kà á sí àmì pé àtọ̀gbẹ lè máa bọ̀. (Mo sáré kìlómítà 29 lọ́jọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò náà, mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn wà lára ohun tó fà á.)

Mo gbọ́ pé bí ṣítáàṣì bá kéré, iṣan máa ń fi ṣúgà sílẹ̀ fún ọpọlọ, pé ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá tèmi nìyẹn, tàbí ínsúlínì, èròjà ara tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ni ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́?

Dókítà dárúkọ statin, oògùn tó ń mú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wálẹ̀. Mi ò kọ̀ ọ́, torí àrùn ọkàn ló pa bàbá mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ fi òróró ólífì rọ́pò bọ́tà, kí n sì dá ṣítáàṣì padà lọ́jọ́ eré gígùn. Ta ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni LDL yín fi wálẹ̀?