Bọ́tìnnì kan, ọ̀gá méjì: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín ti rí

Ìka_Mẹ́wàá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí.

Ètò kan ni mo fi Java Swing, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ojú ètò, kọ fún ọ́fíìsì kan tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Àpótí ìwákiri wà lókè, àtẹ ńlá wà láàárín, àpótí ọ̀rọ̀ gbàgìjà kan sì wà nísàlẹ̀ fún àlàyé. Mo ṣe mẹ́nù sí i. Mo fi Ctrl+C sí "Kọ́pì", mo fi Delete sí "Pa rẹ́". Mo wá tẹ Ctrl+C lórí àtẹ, mẹ́nù mi ò dáhùn. Àtẹ fúnra rẹ̀ ló dáhùn, ó kọ́pì ìlà náà bó ṣe wù ú, kì í ṣe bí mo ṣe fẹ́ ẹ.

Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé títẹ bọ́tìnnì nínú Swing ní ọ̀nà tó ń tọ̀. Component (àpótí, àtẹ, tàbí nǹkan míì lójú ètò) tí focus wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn èyí tí ohun tí o ń tẹ̀ ń lọ bá, ló kọ́kọ́ ń gbọ́. Bí kò bá ní nǹkan tó fẹ́ fi ṣe, ó kan èyí tó gbé e sínú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé òkè. Ìgbà tí gbogbo wọn bá dákẹ́ ló tó kan wíńdò lápapọ̀, ibẹ̀ sì ni mẹ́nù wà, lẹ́yìn pátápátá. JTable, ìyẹn àtẹ Swing, ti mú Ctrl+C tirẹ̀ bọ̀ láti ilé, ọ̀rọ̀ kì í tiẹ̀ dé etí mẹ́nù.

Kí ni mo wá ṣe? Mo gba ẹ̀yìnkùlé. Mo so KeyEventDispatcher kan mọ́ KeyboardFocusManager. Ìyẹn máa ń rí bọ́tìnnì kí component kankan tó rí i. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bó bá ti jẹ́ Delete, kó pa ìlà tí wọ́n yàn rẹ́, kó dá true padà kí bọ́tìnnì náà má bàa dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, ó parí. Ó ṣiṣẹ́! Inú mi dùn débi pé ọjọ́ náà gan-an ni mo fi ránṣẹ́ sí wọn.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n pè mí. Màmá kan tó ń lò ó ní àkọsílẹ̀ ń pòórá. Mo ní, "Mà, bóyá ẹ̀yin lẹ pa á rẹ́." Wọ́n ní àwọn ò pa nǹkan kan rẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe é lójú mi. Wọ́n tẹ orúkọ kan sínú àpótí ìwákiri, wọ́n ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, wọ́n gbé àmì ìkọ̀wé síwájú lẹ́tà náà, wọ́n tẹ Delete. Lẹ́tà náà ò mira. Nísàlẹ̀, odindi ìlà kan fò kúrò nínú àtẹ. Wọ́n yíjú wò mí. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fa dispatcher yẹn tu. Ohun tí mo fi rọ́pò rẹ̀ nìyí: iṣẹ́ kan, orúkọ kan. "kọ́pì" ni kọ́pì níbi gbogbo. Component kọ̀ọ̀kan fi ọ̀nà tirẹ̀ sínú ActionMap rẹ̀, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ tó mọ̀ àti orúkọ wọn, lábẹ́ orúkọ yẹn. Àpótí ọ̀rọ̀ ń kọ́pì ọ̀rọ̀, àtẹ ń kọ́pì ìlà. Mẹ́nù ò dá iṣẹ́ kankan ṣe mọ́. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, á béèrè ẹni tí focus wà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Irú rẹ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ Swing tí Oracle gbé jáde, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ "permanentFocusOwner", ẹni tó ni focus gan-an, kì í ṣe ẹni tó yá a fún ìgbà díẹ̀. Ká ní mo ti kà á ṣáájú ni!

Ó yá, tiyín ńkọ́?

Ọmọ_Igun

Ẹ̀gbọ́n, tiyín tiẹ̀ sàn, ó ṣe nǹkan. Tèmi, òkú ló kú.

Qt ni mò ń lò, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ojú ètò lòun náà bíi Swing. Wíńdò ńlá ní Ctrl+F fún wíwá ọ̀rọ̀ nínú ìwé. Pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́, tí ẹlòmíì kọ, náà ní Ctrl+F fún wíwá orúkọ fáìlì. A pa iṣẹ́ àwa méjèèjì pọ̀. Látìgbà yẹn, tẹ Ctrl+F títí ìka á fi máa ro ọ́, kò sẹ́ni tó máa dá ọ lóhùn. Ojú kọ̀ǹpútà ò fi àṣìṣe kankan hàn. Ìgbà tí mo ṣí ètò náà láti inú tẹ́mínà ni mo tó rí i:

QAction::event: Ambiguous shortcut overload: Ctrl+F

Qt kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kankan nínú àwọn méjì tó ń du nǹkan. Á kọ ìkìlọ̀, á sì dá ọwọ́ ró.

Mo rò pé mo gbọ́n. Mo sọ ti pánẹ́ẹ̀lì di Qt::WidgetWithChildrenShortcut, kó má bàa ṣiṣẹ́ níta pánẹ́ẹ̀lì. Mo tẹ̀ ẹ́ nínú ìwé, ó jẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ nínú pánẹ́ẹ̀lì, kò jẹ́. Wákàtí méjì gbáko ni mo fi jókòó tì í. Àṣé ti wíńdò ṣì wà ní WindowShortcut (níbikíbi nínú wíńdò ló ti ń ṣiṣẹ́), torí ibẹ̀ ni Qt máa ń fi í sí bí o ò bá sọ nǹkan kan, pánẹ́ẹ̀lì ọ̀hún sì nìyí nínú wíńdò kan náà. Bí focus bá wà ní pánẹ́ẹ̀lì, àwọn méjèèjì ló lẹ́tọ̀ọ́ síbẹ̀. Pé ọ̀kan sún mọ́ jù, ìyẹn ò kan Qt. Ti ìwé ni mo wá lọ dínkù: mo yọ QAction rẹ̀ (iṣẹ́ tí Ctrl+F so mọ́) lára wíńdò, mo fi addAction gbé e sára widget ìwé (ohun tí Swing ń pè ní component), mo fún un ní context kan náà, ìyẹn ààlà ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ni kálukú bá jókòó sáyè ẹ̀.

Ìka_Mẹ́wàá

Swing ìbá ti fún èyí tó sún mọ́ jù. Ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìyẹn ló dára jù o. Swing á yan ẹnì kan, kò sì ní sọ fún ọ.

Atàtẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo JTable, ṣé ẹ ti rí èyí? Mo fi F3 sí "Wá èyí tó kàn". Mo wà lórí àtẹ, mo tẹ F3, àpótí kan nínú àtẹ náà ṣí fún àtúnṣe lójijì, bí ẹni pé mo fẹ́ kọ nǹkan sínú rẹ̀. JTable gbà pé bọ́tìnnì tí òun ò mọ̀ ni pé o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ìlà kan ló pa á lẹ́nu mọ́:

table.putClientProperty("JTable.autoStartsEdit", Boolean.FALSE);

F2 á ṣì máa ṣí àpótí fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

Àmì_Ìsàlẹ̀

Tèmi ò gùn. Mo fi Ctrl+Alt+S sí "Fi gbogbo rẹ̀ pamọ́". Ẹnì kan kọ̀wé sí mi láti Pólàńdì pé òun ò lè kọ ś mọ́. Bí òun bá ti tẹ̀ ẹ́, fáìlì ló ń pamọ́, lẹ́tà ò jáde. AltGr+S ni wọ́n fi ń kọ ọ́ lórí kíbọ́ọ̀dù wọn, Windows sì ń ka AltGr sí Ctrl àti Alt tí a tẹ̀ papọ̀. Èmi tí mò ń wá àmì tí mo máa fi sábẹ́ ẹ àti ọ káàkiri kíbọ́ọ̀dù lójoojúmọ́! Tó bá ṣe ẹlòmíì ni, ǹ bá ní kò láàánú. Mo ti yọ Ctrl+Alt pẹ̀lú lẹ́tà kúrò nínú gbogbo ohun tí mò ń kọ.

Etí_Ni_Mo_Fi_Ń_Kàwé

Èmi kì í kọ kóòdù, mo kàn ń lo ohun tí ẹ kọ ni. Mi ò ríran, NVDA ló ń ka ojú kọ̀ǹpútà fún mi. Insert ni NVDA fi ń gba àṣẹ. Ètò kan wà níbi iṣẹ́ wa tó jẹ́ Insert nìkan ni wọ́n fi ń ṣí ìlà tuntun, kò sí i nínú mẹ́nù, kò sí bọ́tìnnì tí a lè fi máòsì tẹ̀ fún un níbì kankan. NVDA á ti gbà á kó tó dé ọ̀dọ̀ ètò náà. Ọ̀nà wà o: mo lè tẹ Insert lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, tàbí kí n tẹ NVDA+F2, èyí tó kàn tí mo bá tẹ̀ á kọjá lọ tààrà. Àmọ́ ẹ fi ojú inú wo ẹni tó ní ogójì ìlà láti fi kún un láàárọ̀. Kò sí ohun tó burú nínú Insert, ẹ ṣáà fi ọ̀nà míì tì í.

Ìka_Mẹ́wàá

Ẹ má bínú. Mo ti lọ wò ó, Insert wà nínú tèmi náà, kò sì sí nínú mẹ́nù. Mo ti gbé e síbẹ̀ nísinsìnyí, mo sì fi Ctrl+N kún un.

Onídánwò

Esc ni kí ẹ bi mí. Fọ́ọ̀mù ńlá kan, àpótí kan nínú rẹ̀, àkójọ àbá kan yọ lábẹ́ àpótí náà. Mo tẹ Esc kí àbá lè lọ. Àbá lọ, fọ́ọ̀mù náà bá a lọ, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ti kọ láti nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó kọ ọ́ ní irọ́ ni, òun ti rí sí Esc níbẹ̀. Lóòótọ́ ló rí sí i: ó pa àkójọ náà dé, ṣùgbọ́n kò pe e.consume(), tó ń sọ pé a ti lo bọ́tìnnì náà tán. Bọ́tìnnì kan náà wá ń gòkè lọ títí ó fi bá fọ́ọ̀mù. Látìgbà yẹn, bí mo bá ń dán nǹkan wò, màá ṣí gbogbo ohun tó bá ṣeé ṣí lórí ara wọn, màá wá máa tẹ Esc lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń bọ́ aṣọ. Bí méjì bá bọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo ti dá iṣẹ́ padà nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Kóòdù

Ẹ̀gbọ́n Ìka, ẹ jọ̀ọ́, mo gbìyànjú ọ̀nà yín. Mẹ́nù ń ṣiṣẹ́ dáadáa, bọ́tìnnì orí ọ̀pá irinṣẹ́ ni ò ṣiṣẹ́. Bó bá béèrè ẹni tí focus wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń rí.

Ìka_Mẹ́wàá

Àbúrò, ó ṣe èmi náà. Ìgbà díẹ̀ ni mẹ́nù ń yá focus, kì í gbà á tán, ìdí nìyẹn tí permanentFocusOwner ò fi yí padà. Bọ́tìnnì orí ọ̀pá ní tirẹ̀ ń gbà á pátápátá bí o bá ti fi máòsì tẹ̀ ẹ́. Pe setFocusable(false) lórí gbogbo wọn. Kí o sì rí i pé gbogbo iṣẹ́ wọn wà nínú mẹ́nù, torí Tab ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Kóòdù

Ó ti jẹ́! Ẹ ṣé gan-an. Màmá yẹn ńkọ́, ṣé àkọsílẹ̀ wọn padà?

Ìka_Mẹ́wàá

Ó padà, wọ́n ní ẹ̀dà tí wọ́n máa ń ṣe lálaalẹ́. Mo lọ kí wọn lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan. Lẹ́tà kan ṣì wọlé níbi ìwákiri lójú mi. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, wọ́n mú máòsì, wọ́n fà á kọjá lórí lẹ́tà náà, wọ́n sì tẹ èyí tó tọ́ lé e lórí. Mo ní, "Mà, Delete ti ń ṣiṣẹ́ o." Wọ́n ní, "Mo gbọ́." Wọn ò fọwọ́ kàn án.