Ta ló ti gbé ẹjọ́ gbèsè dé kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rí? Ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n dá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́bi lórí ẹjọ́ owó ní kóòtù lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kó la ẹnu. Ó ní òun ò ní gbà. Ẹni tó bá ti rin ìrìn yìí ní Ìlọrin, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe lọ?

Agbaṣẹ́ṣe Táńkẹ̀:
Ọ̀rọ̀ irin ló gbé èmi débẹ̀. Mò ń kọ́lé fún oníbàárà kan, mo gba irin àwìn lọ́wọ́ oníṣòwò tí a ti jọ ń ná ọjà bọ̀ tipẹ́. Irin dé sáìtì, bíríkìlà mi, ọmọ Ìgbájà, fọwọ́ kàn án, ó ní eléyìí ò kún ọwọ́ òun. A gbé kálípà tí wọ́n fi ń wọn nínípọn irin sí i. Wébíìlì, ìwé tó bá ọjà wá, ní 12mm, irin ní 10 àti díẹ̀. Mo dá èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ padà, ọmọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà á, mo sì san owó èyí tí mo lò. Àfi bí bélíìfù ṣe yọ sí mi lọ́jọ́ kan: ₦4,600,000. Owó gbogbo irin, bí ẹni pé ìkankan ò padà.

Undefended List ni wọ́n kọ gàdàgbà sókè ìwé náà. Ẹjọ́ tí wọ́n bá kọ ìyẹn sí, ẹni tó pè yín ti búra pé iye owó náà dájú, pé ẹ ò sì ní àwíjàre kankan. Kò sí pé ẹ máa bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí lọ ṣàlàyé. Ìwé ìbúra tí ẹ bá fi sílẹ̀ kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé, òun ni ẹnu yín. Bí adájọ́ bá rí i pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, á kó ẹjọ́ náà mọ́ àwọn ẹjọ́ yòókù kí wọ́n lè gbọ́ ọ délẹ̀délẹ̀. Bí kò bá rí i, ó dá a tán nìyẹn.

Lọ́yà mi kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀: iye irin tó padà, ọjọ́ tó padà, ìwé tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù fọwọ́ sí, rìsíìtì owó. Adájọ́ ní àwáwí ni, pé mo kàn fẹ́ fa ẹjọ́ gùn ni. Gbogbo owó náà ló ní kí n san.

Mo ní ṣé a ò lè padà lọ bá a kó fagi lé e ni. Lọ́yà ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé tiwa kì í ṣe ti ẹni tí kò yọjú, adájọ́ ti wo ọ̀rọ̀ wa kó tó dá a. Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló kù. Ìdájọ́ àṣekágbá ni, nítorí náà oṣù mẹ́ta la ní láti pè é, a ò sì ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Abala 241 nínú ìwé òfin 1999 ló fún wa láyè.

Ibi tó ti dùn mí jù nìyí: ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kì í dá ọwọ́ ẹni tó jàre dúró. Abala 17 òfin kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ bẹ́ẹ̀. Ká tó mọ̀, wọ́n ti gba àṣẹ lọ sí báńkì, wọ́n ti àkáǹtì mi pa. Owó àwọn lébìrà wà níbẹ̀. Èlùbọ́ tí ìyàwó mi ń tà ní Ìpàtà la fi ń jẹun. Adájọ́ kan náà la sì kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lọ bẹ̀ pé kó dá a dúró. Ó gbà, àmọ́ ó ní kí n kó owó náà sínú àkáǹtì tí èlé ń gorí ẹ̀, lórúkọ rẹ́jísírà àgbà. Ẹ gbọ́ o: owó tí mo ní n ò jẹ, mo ta mọ́tò láti lọ kó o sílẹ̀.

Ó wá ku ìdúró. Rẹ́jísírà ní ọjọ́ 60 láti to ìwé ẹjọ́ jọ. Bí kò bá tò ó, ẹ̀yin ní ọjọ́ 30 láti tò ó fúnra yín. Lọ́yà yín ní ọjọ́ 45 láti kọ àlàyé tiyín, tọ̀hún ní 30. Lórí ìwé o. Ojú ayé yàtọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é, adájọ́ mẹ́ta jókòó. Mo wọ agbádá, kálípà wà lápò mi. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan! Lọ́yà méjèèjì dìde, wọ́n ní ohun tí àwọn kọ náà ni àwọn dúró lé, ó parí.

Wọn ò sọ pé n ò jẹ gbèsè. Wọ́n ní ìwé ìbúra mi ní ọ̀rọ̀ tó yẹ ká gbọ́ nínú, pé bóyá màá jàre kọ́ ni adájọ́ ń wò nígbà yẹn. Wọ́n fagi lé ìdájọ́, wọ́n dá ẹjọ́ padà sí High Court lọ́dọ̀ adájọ́ mìíràn. Ibẹ̀ la ṣì wà.

Ìyá Onísìmẹ́ńtì, Ọ̀fà:
Ẹ̀yin tí wọ́n bèèrè owó lọ́wọ́ yín nìkan kọ́ ló ń jìyà o. Èmi ni mo gba ìdájọ́ ní tèmi. Oníbàárà mi fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ pé òun jẹ mí, ó tún lọ búra pé òun ò jẹ mí. Kò ṣàlàyé kankan, kò so ìwé kankan mọ́ ọn. Ìgbà tó dé òkè ló wá ń kó rìsíìtì jáde láti inú àpò. Àwọn adájọ́ ní ohun tó wà níwájú kóòtù ìsàlẹ̀ nìkan ni àwọn máa wò. Wọ́n da ẹjọ́ ẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n àpò sìmẹ́ńtì tí mo tà fún un kò tó ₦5,000; ìgbà tí owó fi dé ọwọ́ mi, ó ti lé ní ₦9,000. Ṣé èyí náà là ń pè ní jíjàre?

Akẹ́kọ̀ọ́-òfin, Ọ̀mù-Àrán:
Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ká fi èyí kún un: bí adájọ́ bá fún ẹni tí ẹ pè láyè láti jà láìfi ohunkóhun dè é, ẹni tó pẹjọ́ ò lè pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìyẹn. Abala 241 yẹn kan náà ló dí i. Tó bá sì jẹ́ àṣẹ àárín ẹjọ́, èyí tí adájọ́ pa kí ẹjọ́ tó parí, lẹ fẹ́ pè kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lé lórí, ọjọ́ 14 ni, kì í ṣe oṣù mẹ́ta.

Agbaṣẹ́ṣe Táńkẹ̀:
Ọmọ Àjàṣẹ́, kí ni ẹ̀gbọ́n yín kọ sínú ìwé ìbúra tiẹ̀ gan-an?

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ó ní lọ́yà ló kọ ọ́, òun kàn fọwọ́ sí i ni. A máa lọ gba ẹ̀dà ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.