Fíìmù ti gba ojú tí mo fún ìyá àgbà inú ìwé

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìwé ìtàn kan wà tí mo ti kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá àgbà inú rẹ̀, ọkàn mi ni mo fi ya àwòrán rẹ̀: ohùn rẹ̀ há díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n bó bá ń tan àtùpà. Òǹkọ̀wé ò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Mo wá wo fíìmù rẹ̀. Òṣèré náà mọṣẹ́, mi ò lè parọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí ìwé ọ̀hún báyìí, ojú tirẹ̀ ni mò ń rí. Tèmi ti pòórá, ó sì dùn mí gan-an. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ó ní ká wo fíìmù. Ṣé kí n ní kó kà á tán ná? Ẹ̀yin tírú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, ǹjẹ́ àwòrán tiyín padà wá?