Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ mi ń lọ síbi ìdíje jọ́gíráfì, máàpù ló ń dà á láàmú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ìlọrin ni mo ń gbé. Wọ́n mú ọmọbìnrin mi tó wà ní SS2 láti ṣojú ilé ìwé rẹ̀ níbi ìdíje jọ́gíráfì gbogbo orílẹ̀-èdè, ó sì ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré. Inú mi dùn débi pé n kò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìpínlẹ̀ 36 àti olú ìlú wọn, ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé ní Lọ́kọ́ja, ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá: ó mọ gbogbo rẹ̀ bí orúkọ ara rẹ̀. Máàpù tó ní ìlà gíga ilẹ̀ (ìlà tó so àwọn ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀) ni ìṣòro. Ó mọ̀ pé tí ìlà bá fún mọ́ra, ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Pé lórí máàpù 1:50,000, sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ ìdajì kìlómítà. Ṣùgbọ́n kò lè fi ojú ya àfonífojì sọ́tọ̀ kúrò lára apá òkè tó yọ síta. Ìlà méjèèjì ló ń tẹ̀ kọdọrọ.

Mo ti mú un lọ wo òkè Sóbì kó yà á. A gé ọ̀dùnkún pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, a fi bírò yí ìkọ̀ọ̀kan ká lórí ìwé (èyí ràn án lọ́wọ́ gan-an, àmọ́ òkè kan ṣoṣo ni ọ̀dùnkún). Máàpù kan ṣoṣo tó ti gbó ni tíṣà wọn ní.

Ẹ̀yin tíṣà àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mú ọmọ lọ rí, báwo lẹ ṣe kọ́ wọn tí ojú wọn fi tètè là sí àwọn ìlà yìí?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo ti dúpẹ́ sílẹ̀.