Wọ́n Ti Yàn Mí Ṣe Adájọ́, Ọkọ̀ Ilé Ìwé Mi Àtijọ́ sì Wà Lára Èyí Tí Mo Máa Yẹ̀ Wò

Àdùkẹ́ Ajílété (Birmingham):
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti gba oorun lójú mi láti àná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn kí mi kú oríire kí ẹ sì kọjá lọ. Mo gboyè jáde lọ́dún tó kọjá, mo sì forúkọ sílẹ̀ pé mo yọ̀ǹda ara mi láti ṣèrànwọ́ níbi ìdíje Formula Student, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń gbé ọkọ̀ ìsáré kékeré tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kàn wá díje, tí wọ́n máa ń ṣe ní Silverstone nínú oṣù Keje. Ohun tí mo rò ni pé wọ́n á ní kí n máa to kóònù tàbí kí n máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Àná ni lẹ́tà dé pé adájọ́ ni mí, lórí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iye owó ọkọ̀ wò. Ẹ́ńjìnnì ni mo ṣe ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà nínú ẹgbẹ́ wa, n kò fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé iye owó rí, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń to gbogbo ohun tó wà lára ọkọ̀ àti iye rẹ̀ sí. Èyí tó wá já mi láyà jù ni pé nígbà tí mo wo orúkọ àwọn ilé ìwé tí wọ́n kọ sí abẹ́ wa, ilé ìwé tí mo ti jáde wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí a jọ ń jẹ búrẹ́dì lóru lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa dúró níwájú mi. Ṣé kí n sọ ni àbí kí n dákẹ́? Kí sì ni ènìyàn ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó bá wí pé nọ́ọ̀tì kan báyìí, iye báyìí ni òun rà á? Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù.

Ìyá Tolú (Stuttgart):
Àbúrò mi, sọ ọ́. Sọ ọ́ lónìí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọdún kejì tí mo jáde ni wọ́n pè mí síbi ìdíje kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹgbẹ́ mi àtijọ́ bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ wa, mo sì dákẹ́ nítorí ó dá mi lójú pé n kò ní ṣègbè. Lóòótọ́, n kò ṣègbè. Ohun tí mo ṣe burú ju ègbè lọ. Ọmọbìnrin kan dúró tì mí, epo dúdú ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó ṣí ìwé kékeré kan tí omi ti kán sí, ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń wọn ooru táyà lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé mẹ́tàlélógún ni, pẹ́ńsùlù ni wọ́n sì fi kọ gbogbo rẹ̀. Ká ní ilé ìwé mìíràn ni, ǹ bá fún wọn ní máàkì tó kún. Ṣùgbọ́n nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé ọmọ ilé mi ni, mo gé e kù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àṣírí tú. Olórí àwọn adájọ́ wọ́gi lé ohun tí mo kọ, wọ́n rán àwọn mìíràn lọ tún ọkọ̀ náà yẹ̀ wò ní àsìkò tó yẹ kí àwọn ọmọ náà máa fi múra sílẹ̀ de ọjọ́ kejì. Wákàtí méjì gbáko ni wọ́n pàdánù nítorí pé ẹnu mi dì. Títí di òní, n kò lè wo ọmọ yẹn lójú.

Bàbá Ìbejì (Detroit):
Òótọ́ pọ́ńbélé ni Ìyá Tolú sọ. Kọ lẹ́tà sí wọn, ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe kò ju pé kí wọ́n gbé ẹgbẹ́ yẹn fún ẹlòmíràn. Ìyẹn kéré. Ahọ́n rẹ gan-an ni kí o ṣọ́.

Ní Formula SAE, irú ìdíje kan náà ti ọ̀dọ̀ wa ní Amẹ́ríkà níbí, máàkì 1,000 ni gbogbo rẹ̀: 150 fún ìrònú tó wà nídìí bí wọ́n ṣe ya ọkọ̀ náà, 100 fún iye owó, 75 fún bí wọ́n ṣe lè rọ olówó pé kó dá owó lé e, 675 tó kù sì wà lórí pápá níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré. Àwa tí a wà nínú àgọ́ ni a máa ń kọ́kọ́ rí wọn, nítorí náà ohun tí a bá fi ẹnu wa sọ lè bá wọn dé orí pápá.

Mo bá àwọn ọmọ kan pàdé níbi ìdíje kan tí wọ́n ti darí èyí tó pọ̀ jù nínú agbára bíréèkì wọn sí táyà iwájú. Mo rí i nínú ìwé wọn, mo sì wí bí ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ pé, "Ẹ lè dá díẹ̀ padà sẹ́yìn o." Mo kọjá sí ọkọ̀ tó kàn, mo ti gbàgbé. Wọn kò gbàgbé, wọ́n dá a padà sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe é kò ju nǹkan kékeré kan tí ènìyàn ń fi ọwọ́ yí lọ, òfin sì gbà wọ́n láàyè láti yí i lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ìwúwo ọkọ̀ a rọ́ síwájú, ẹ̀yìn a fúyẹ́. Bí bíréèkì ẹ̀yìn bá wá lágbára jù, táyà ẹ̀yìn á gan kí ti iwájú tó gan, ọkọ̀ á sì fò yí. Kọ́nà kejì ni ọkọ̀ wọn ti yí. Kóònù mẹ́rin ni wọ́n gbá, ìṣẹ́jú-àáyá 2 ni wọ́n sì ń fi kún àkókò fún kóònù kọ̀ọ̀kan. Mo dúró lẹ́yìn wáyà, mo ń wò ó.

Ẹnjiníà Akẹ̀sán (Coventry):
Bàbá Ìbejì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́, ẹ̀bi yẹn kì í ṣe tiyín. Ẹnjiníà ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń kọ́. Ẹni tó bá yí bíréèkì ọkọ̀ tó fẹ́ gbé sáré láìdán an wò, òun ló ni ìyókù. Bí a bá ní kí adájọ́ má sọ nǹkan kan, kí ni àǹfààní pé ẹni tó ti lo ogún ọdún nídìí iṣẹ́ wá dúró sínú oòrùn láìgba kọ́bọ̀? Èmi gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí adájọ́ kan bá mi sọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá wúlò fún mi ju ọ̀pọ̀ kíláàsì lọ.

Bàbá Ìbejì (Detroit):
Àbúrò, máàkì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀. Lójú ọmọ ogún ọdún tí kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe ìmọ̀ràn, àṣẹ ni. Ibi tí mo ti kùnà nìyẹn. Ìbéèrè ló yẹ kí n bi wọ́n: kí ló dé tí ẹ fi gbé e síwájú tó báyìí? Bóyá wọ́n ní ìdí kan tí n kò mọ̀. N kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ọ.

Ẹnjiníà Akẹ̀sán (Coventry):
Mo fara mọ́ ti ìbéèrè, n kò fara mọ́ ti ẹ̀bi. Ìbéèrè náà ni mo máa ń lò. Bí mo bá bi ọmọ kan pé kí ló dé tí apá irin tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọn mọ́ ara rẹ̀ fi gùn báyìí, tó sì dáhùn pé bí àwọn ṣe bá a nìyẹn, pé àwọn ẹ̀gbọ́n àwọn ló ṣe é bẹ́ẹ̀, máàkì ti ń lọ nìyẹn. Bó bá ní, "A ṣi í ṣe, ẹ wo ohun tí a rí nígbà tí a wọ̀n ọ́n," inú mi a dùn, n kì í ṣahun sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Tolú (Stuttgart):
Ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀nà kan wà láàárín. Mo máa ń sọ fún wọn pé lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sá eré ìfaradà, èyí tó gùn jù nínú eré wọn, tán, kí wọ́n wá mi wá sínú àgọ́, gbogbo ohun tí mo rí ni n óò sọ. Àwọn tó ń wá kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó bá wá máa ń mú ìwé dání.

Wẹ́dà Tákìé (Ògbómọ̀ṣọ́):
Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ kú àárọ̀ láti ilé. Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí ti owó tí ọmọ yìí béèrè, nítorí ẹ ti fi sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà níbí, máa ń gbé iṣẹ́ àṣekágbá wọn wá jó ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀kan gbé ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ wá, páìpù tó fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn débi pé màlúù lè dúró lé e. Mo bi í pé nítorí kí ni. Ó ní tín-ín-rín ni òun yà sínú ìwé, pé òun wá a títí ní ọjà, òun kò rí i, àti pé èyí tó nípọn yìí ni ọ̀gá kan ta àjẹkù rẹ̀ fún òun ní ìdajì owó. Ìdáhùn gidi ni mo ka ìyẹn sí. Àdùkẹ́, béèrè ibi tí wọ́n ti rà á, kí ni wọn ìbá lò bí kò bá sí, kí o sì di ìwé náà mú, kí o fi wé ohun tó wà lára ọkọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹnjiníà Akẹ̀sán (Coventry):
Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ mú mi rántí àbúrò bàbá mi tó jẹ́ afíngbá ní Ọ̀yọ́. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gbé igbá wá, kì í sọ̀rọ̀. Àtàǹpàkò ni yóò fi tọ ojú ilà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró ni ọmọ náà yóò ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni òun ti ṣi ọ̀bẹ gbé. Ṣé ẹ rí i pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí iṣẹ́ adájọ́ mọ́?

Wẹ́dà Tákìé (Ògbómọ̀ṣọ́):
Ẹ máa tọ igbá níbẹ̀. Àwa ni yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ wà lọ́dọ̀ wa láti 1990.

Bàbá Ìbejì (Detroit):
Ọ̀yọ́ ló fi ẹṣin jagun o, ẹṣin kò sì ní bíréèkì. Ẹni tó bá ti gun nǹkan tí kò ní bíréèkì rí ni kí ẹ fi ṣe adájọ́ bíréèkì.

Ìyá Tolú (Stuttgart):
Èmi ọmọ Ajílété, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni n óò dá ẹjọ́ yìí. Kìlómítà 22 ni eré ìfaradà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń sá, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í sì í parí rẹ̀. Ọ̀nà láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ èyíkéyìí tó bá gba ọ̀nà yẹn dé Tákìé pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, máàkì 1,000 rẹ̀ ti pé, kí ó má wulẹ̀ wá sí Jámánì mọ́. Ẹ ti mú ilé sọ sí mi lọ́kàn báyìí. Mo ra mọ́ńgòrò ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó le bí òkúta, kò tilẹ̀ ní òórùn. Èyí tó ń já bọ́ sórí páànù wa nílé lóru, àwa ọmọdé a máa fi iná àtùpà wá a nínú koríko.

Àdùkẹ́ Ajílété (Birmingham):
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo kọ lẹ́tà náà láàárọ̀, èsì sì ti dé kí n tó mu tíì tán: wọ́n ti gbé ẹgbẹ́ mi fún ìgbìmọ̀ mìíràn, wọ́n sì dúpẹ́ pé mo tètè sọ ọ́. Ọkàn mi ti balẹ̀ ní apá yẹn. Ṣùgbọ́n mo ṣí ìwé iye owó tí ẹgbẹ́ kan fi ránṣẹ́, ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan, nọ́ọ̀tì oríṣi mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀. Ta ló ti jókòó sórí ìgbìmọ̀ iye owó rí nínú yín?

Bàbá Ìbejì (Detroit):
Èmi kọ́ o. Ìgbìmọ̀ tó ń wo bí wọ́n ṣe ya ọkọ̀ ni tèmi.

Ìyá Tolú (Stuttgart):
Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Leeds tó ti ṣe é rí, ibi iṣẹ́ alẹ́ ló wà, n óò pè é bó bá jí. Títí di ìgbà náà, wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, mú aṣọ òjò, kí o sì wá ohun tí o máa fi dí etí, nítorí òfin gba ọkọ̀ wọ̀nyẹn láàyè láti pariwo dé dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 110 níbi tí wọ́n ti ń wọn ariwo.

Wẹ́dà Tákìé (Ògbómọ̀ṣọ́):
Àdùkẹ́, bí àwọn ọmọ kan bá gbà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fún wọn ní máàkì tán, ya fọ́tò ibi tí wọ́n ti jó páìpù pọ̀ lára ọkọ̀ wọn fún mi, kí o sún mọ́ ọn dáadáa. Wọ́n ní páìpù tín-ín-rín ni. Mo fẹ́ rí bí wọ́n ṣe jó o tí kò fi lu.