Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ kọ ìwé owó orí fún iṣẹ́ ara yín: kí ni ojú yín rí?

Ayàwé Tákìé
Ẹ kú déédéé ìwòyí, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. Mo máa ń fi kọ̀ǹpútà ya àmì ilé-iṣẹ́ àti páálí ọjà fún àwọn oníṣòwò. N kò ní ọ̀gá, n kò sì gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó di ọdún kẹrin báyìí, n kò sì tíì kọ ìwé owó orí rí. Ilé-iṣẹ́ kan tí ó fẹ́ gbé iṣẹ́ ńlá fún mi ni ó ní kí n mú ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta wá. Mo gbọ́ pé ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni gbèdéke. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ bí tiyín ṣe rí.

Aránṣọ Ọjà Jàgùn
Èrò ni ojú tèmi rí.

Ayàwòrán Àkẹ̀sán
Ìbàdàn ni mo kọ́kọ́ wọkọ̀ lọ, sí ọ́fíìsì owó orí ìjọba àpapọ̀, nítorí mo rò pé ibi tí ó bá ga jù ni ó yẹ kí ènìyàn lọ. Mo tò fún wákàtí méjì kí obìnrin kan tó bi mí bóyá kọ́ńpìnnì ni mo ní. Mo ní èmi àti kámẹ́rà mi nìkan ni. Ó ní owó orí ẹni tí ó ń dá iṣẹ́ ṣe, ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé ni ó ni ín, kí n padà sílé. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn.

Olùtumọ̀ Ìjerù
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, bí ó tilẹ̀ gùn díẹ̀. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mò ń ṣe. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ kọ Fọ́ọ̀mù A, èyí tí í ṣe ìwé tí ẹni tí ó ń dá iṣẹ́ ṣe ń kọ, mo kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ₦2,300,000 ni iṣẹ́ mú wọlé, àti pé ₦1,900,000 ni ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí mo yọ owó dátà, epo jẹnẹrétọ̀ àti àtúnṣe kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí n mú àkọsílẹ̀ báńkì wá, mo sì mú un lọ pẹ̀lú ọkàn kan.

₦7,400,000 ni ó gba inú àkáǹtì mi kọjá lọ́dún náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó níwájú mi fi bírò fa ìlà sábẹ́ àpapọ̀ rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin mà ń rówó o, mà.” Bẹ́ẹ̀, èmi ni akápò àjọ àdúgbò wa, obìnrin mẹ́wàá ni wọ́n sì ń san ₦20,000 sọ́wọ́ mi lóṣooṣù, ₦2,400,000 nìyẹn lọ́dún. ₦2,700,000 mìíràn jẹ́ ti àbúrò mi tí ó wà ní Kánádà, tí mò ń bá kọ́lé. N kò ní ju bíríkì tí mo ń kà nínú ilé náà lọ. Mo ṣàlàyé títí ètè mi fi gbẹ. Ìwé tí wọ́n kọ sí mi ní kí n san ₦1,164,800.

N kò sùn lóru ọjọ́ náà. Ọ̀gá olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó sọ fún mi pé òfin fún mi ní 30 ọjọ́ láti kọ̀wé ta ko ìṣirò wọn. Mo kọ lẹ́tà, mo fi ẹ̀dà ìwé àjọ tí gbogbo wa ń fọwọ́ sí kún un, mo fi ẹ̀rí owó Kánádà àti rìsíìtì sìmẹ́ńtì lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà lọ kí wọ́n tó gbà. ₦170,800 ni mo san níkẹyìn.

Aránṣọ Ọjà Jàgùn
Owó àjọ! Èmi náà akápò ni mí o, yéè!

OníPOS Sábó
Ìyá wa, ẹ̀rù bà mí. Owó tí ó ń gba inú àkáǹtì tèmi kọjá lọ́sẹ̀ kan, bí wọ́n bá kà á sí èrè mi, wọ́n ó ní kí n san owó orí gbogbo Sábó. Bẹ́ẹ̀, ₦100 tàbí ₦200 ni tèmi nínú rẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín Owódé
Ẹ dárí jì mí, mà, ṣùgbọ́n láti orí mílíọ̀nù kan lé sí ₦170,800? Ẹ kò wá nǹkan fi sínú lẹ́tà yẹn?

Olùtumọ̀ Ìjerù
Àbúrò, ìwé àjọ ni mo fi sínú rẹ̀. Báńkì ni mo san owó sí, rìsíìtì rẹ̀ wà nínú àpótí mi títí di òní. Ìṣirò ni ó gbà mí, ẹ má fi ẹ̀gàn kàn mí.

Ẹlẹ́rìn-ín Owódé
Mo túúbá, mà.

Bàbá Òkè-Àdó
Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, nǹkan tí ẹ ń sọ yìí kì í ṣe tuntun. Owó orí ni ó dá rògbòdìyàn Àgbẹ̀kọ̀yà sílẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn ní 1968 sí 1969, nínú rẹ̀ ni Ọba wa, Ṣọ̀ún Ọlájídé Ọláyọ̀dé, sì bá lọ ní 1969. Àwọn àgbẹ̀ ní òkè mẹ́fà péré, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni àwọn yóò san. Ẹ fi sùúrù bá ọ̀rọ̀ owó orí lò.

Ayàwòrán Àkẹ̀sán
Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n tìgbà yẹn yàtọ̀. Owó kan náà ni wọ́n ń bù lé àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ kú àti èyí tí tirẹ̀ yè. Tiwa, bí ènìyàn bá ṣe pa tó ni yóò san tó.

Bàbá Òkè-Àdó
Ọmọ mi, ta ni ó ń sọ iye tí o pa? Ohun tí ìyá yẹn ń sọ kọ́ nìyẹn?

Aránṣọ Ọjà Jàgùn
Bàbá ti pa á.

Akọ̀ròyìn Apààrà
Ẹ jẹ́ kí n mú wa padà sí orí ìṣirò. Òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí mọ́. Lórí ₦2,200,000 tí ó tẹ̀ lé e, ₦15 ni wọn yóò gbà nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti fagi lé ìyọkúrò àtijọ́, ìyẹn iye tí wọ́n máa ń yọ sẹ́yìn nínú owó ènìyàn kí wọ́n tó ṣírò owó orí, wọ́n sì fi ti owó ilé rọ́pò rẹ̀: ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tí ẹ san, tí kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Bí Ìyá Olùtumọ̀ bá pa ₦1,900,000 lónìí, tí ó sì ń san ₦150,000 fún ilé, ₦160,500 ni yóò san.

OníPOS Sábó
Gbogbo ariwo òfin tuntun yìí, ₦10,300 ni ó dín fún wọn?

Akọ̀ròyìn Apààrà
Ẹni tí kò pa ju ₦800,000 lọ kò ní bá ọ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí olúwarẹ̀ ṣì kọ ìwé rẹ̀ o. Pé a kò san kò ní ká má kọ.

Aránṣọ Ọjà Jàgùn
Rìsíìtì owó ilé wo? Onílé mi kò fún mi ní ìwé rí láti ọdún mẹ́fà. “Ọlọ́run rí wa” ni rìsíìtì rẹ̀.

Ayàwòrán Àkẹ̀sán
Ayàwé, kí n má gbàgbé. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti yọ ₦5 nínú ₦100 kúrò nínú owó iṣẹ́ rẹ kí wọ́n tó san án, béèrè ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Owó orí rẹ ni wọ́n ti bá ọ san ṣáájú, wọn yóò sì yọ ọ́ nínú iye tí o jẹ. Ọdún méjì ni mo fi ń ju ìwé náà nù.

Ayàwé Tákìé
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá ẹ̀yin ìyá wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo àkáǹtì mi ni. Owó tí mo kó nínú àjọ wà níbẹ̀, owó ìsìnkú bàbá wa tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi kó sí mi lọ́wọ́ náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ. Alájọ wa, ṣé ẹ wà níbí? Ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ẹ̀dà ìwé àjọ ọdún mẹ́ta.

Alájọ Àrádà
Mo wà níbí, mo ti ń kà á láti òwúrọ̀. Wá lọ́la kí oòrùn tó mú. Ojú ìwé tìrẹ nìkan ni n óò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ o, n kò ní gbé tẹlòmíràn hàn wọ́n.