Àbọ̀ ọ̀rọ̀ àbúrò mi: oko àti kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Mo bi yín pé ṣé kí àbúrò mi obìnrin, tó fẹ́ràn oko tó tún fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, fi ọ̀kan sílẹ̀ fún èkejì. Kò ní fi ìkankan sílẹ̀. UNIOSUN, ìyẹn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ló ti máa kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Òṣogbo níbí ni olú ilé-ẹ̀kọ́ wọn wà, àmọ́ Èjìgbò ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú QGIS, ẹ ṣeun gan-an ni. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù ilẹ̀ ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọ̀fẹ́ náà ni àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2 ti ilẹ̀ Yúróòpù, tó ń ya ilẹ̀ kan náà ní nǹkan bí ọjọ́ 5 síra. Ewé tó lera máa ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa sára, á sì dá irú èyí tójú wa ò lè rí padà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìmọ́lẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fi ń mọ ibi tí irúgbìn ti ń rọ. Ṣùgbọ́n lásìkò òjò, ìkùukùu lásán ni wàá máa rí lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn tó wọ̀ mí lára jù fi jẹ́ ti àkọsílẹ̀ oko. Bàbá wa ń sọ ọjọ́ tí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ àti ìwọ̀n ìkórè, àbúrò mi ń kọ ọ́ sínú Excel. Inú àwọn méjèèjì ń dùn sí i.

Mo ti pa ìbéèrè yìí dé o. Ẹni tó bá ní ti QGIS, kó ṣí tuntun.